Ìdọ́gba Wà Nílẹ̀, Ìdáhùn Ni Ò Sí

Ní ọdún 1951, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Andrew Huxley jókòó ní Cambridge, ó kọjú sí ẹ̀rọ ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Brunsviga. Ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà ni o. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, kò lo iná mànàmáná, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Ẹ ó to nọ́ńbà sí i, ẹ ó yí ọwọ́ rẹ̀, ẹ ó kọ ohun tó bá jáde sínú ìwé, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Cambridge ní kọ̀ǹpútà gidi nígbà yẹn, EDSAC lorúkọ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, wọ́n ń tún un ṣe. Huxley ò lè dúró dè é. Òun àti Alan Hodgkin ti kọ ìdọ́gba tó ṣàlàyé bí iná kékeré ṣe ń sáré gba inú iṣan kọjá, irú iná tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa. Ìdọ́gba ti wà nílẹ̀. Ìdáhùn ni ò sí. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Ohun tí iṣan máa ń ṣe kí ojú tó ṣẹ́, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣírò rẹ̀.

Àwa tí a dàgbà bá fóònù, ó máa ń ṣe wá bíi pé tí èèyàn bá ti kọ ìdọ́gba sílẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé náà nìyẹn: x wà níbì kan, ẹ ṣáà wá a jáde. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ìdọ́gba pọ̀ láyé tí kò sí ọgbọ́n ìwé kankan tó lè fa x rẹ̀ jáde ní ìlà kan. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fi ọwọ́ tá ògiri nínú òkùnkùn. Ibẹ̀ ni ewu wà, torí pé ìṣirò lè purọ́ fún yín, kí ẹ má sì mọ̀.

Irú ìdọ́gba tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, reaction-diffusion ni àwọn òyìnbó ń pè é. Nǹkan méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, nǹkan kan ń tàn ká, bí òórùn ẹja yíyan ṣe ń ti ojúlé kan dé ojúlé kejì. Èkejì, nǹkan yẹn ń pọ̀ sí i tàbí kó máa dín kù níbi tó wà, torí ohun tó bá pàdé níbẹ̀. Ooru nínú igi tó ń jó, àrùn láàárín ìlú, iná inú iṣan, kẹ́míkà inú ọlẹ̀, gbogbo wọn ló wọ inú irú ìdọ́gba yìí. Ní 1937, R. A. Fisher kọ irú rẹ̀ kan ní Ìlú Ọba láti fi ṣàlàyé bí àbùdá tuntun ṣe ń tàn láàárín àwọn ẹ̀dá. Ní ọdún yẹn kan náà, Kolmogorov, Petrovsky àti Piskunov kọ irú rẹ̀ ní Moscow. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ o. Ohun tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fi bírò àti ìwé rí nínú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí bírò kì í kọjá. Tó bá débẹ̀, nọ́ńbà ló kù.

Ẹ jẹ́ ká wò ó pẹ̀lú gàrí.

Ẹ ro ilé méje tó tò sórí ìlà kan. Ilé àárín nìkan ló ní gàrí, kóńgò 16. Àwọn yòókù ò ní nǹkan kan. Òfin àdúgbò ni pé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ilé tó bá ní jù gbọ́dọ̀ wo ilé tó kàn án, kó sì fún un ní ìpín kan nínú ohun tó fi jù ú lọ. Ká ní ìpín yẹn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní wákàtí kìíní, ilé àárín fún ti ọwọ́ òsì ní 4, ó fún ti ọwọ́ ọ̀tún ní 4, ó ku 8. Ní wákàtí kejì, ó di 1, 4, 6, 4, 1. Ẹ rí i bó ṣe ń tẹ́jú wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí òórùn ṣe ń tàn nìyẹn, bí ooru náà ṣe ń tàn nìyẹn.

Ní báyìí, ká ní a ń kánjú, a sì sọ ìpín náà di odidi. Gbogbo ohun tí ilé kan bá fi ju èkejì lọ ni kó fún un. Ní wákàtí kìíní, ilé àárín fún ti òsì ní 16, ó tún fún ti ọ̀tún ní 16. Ó ti fúnni ní 32 nínú 16! Ó wá jẹ gbèsè kóńgò 16. Ní wákàtí kejì, àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ ṣàánú onígbèsè, ilé àárín wá ní 48, àwọn tó ṣàánú sì di onígbèsè 32, 32. Ní wákàtí kẹta, ilé àárín jẹ gbèsè 112, ilé méjèèjì tó tẹ̀ lé e ní 96, 96. Ẹ máa bá a lọ tí ẹ bá fẹ́. Kò ní í dúró.

Ohun tó wá burú jù níbẹ̀ nìyí: tí ẹ bá ṣe àròpọ̀ ohun tó wà nílé méjèèje, pẹ̀lú gbèsè wọn, kóńgò 16 náà ló ṣì jẹ́. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò yóò sọ pé kò sí àṣìṣe kankan. Kò sì sí àṣìṣe nínú ìròpọ̀ lóòótọ́. Òfin ìdọ́gba náà la tẹ̀ lé. Ìkánjú wa ló sọ gàrí di wèrè.

Ààlà rẹ̀ wà. Lórí ìlà kan báyìí, ìpín náà ò gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ. Ohun tó sì ń mú ìpín náà tóbi ni pé kí ẹ máa fi wákàtí gùn, tàbí kí ẹ máa sọ ilé di kékeré. Tí ẹ bá sọ ìbú ilé di ìdajì kí ìṣirò lè ríran dáadáa, ẹ ní láti gé wákàtí sí mẹ́rin. Ilé ti di ìlọ́po méjì, wákàtí ti di ìlọ́po mẹ́rin, iṣẹ́ ti di ìlọ́po mẹ́jọ. Tó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ wà, kì í ṣe orí ìlà, ìlọ́po 16 ni. Lójú ẹni tó ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ, ìyà nìyẹn.

Àwọn àgbà ti jìyà rẹ̀ o. Ní 1910, Lewis Fry Richardson gbé ìwé kan jáde ní Ìlú Ọba lórí bí a ṣe lè fi ìṣirò lásán yanjú irú ìdọ́gba báyìí. Ó gba àwọn ọmọkùnrin kan tó ń bá a ṣírò, iye iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe ló fi ń sanwó fún wọn, kò sì sanwó fún èyí tí wọ́n bá ṣì. Ọ̀nà tó lò fún ooru nínú ìwé yẹn dára lójú, ìdáhùn rẹ̀ sì jọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ wá rí i pé ọ̀nà náà máa ń ya wèrè ní gbogbo ìgbà, kódà bí ìpín rẹ̀ ṣe wù kó kéré tó. Kí ló dé tí Richardson ò fi rí i? Ìgbésẹ̀ tó gbé ò pọ̀. Wèrè náà ò tíì ráyè jáde sí gbangba.

Ní 1928, àwọn mẹ́ta kan ní Jámánì, Courant, Friedrichs àti Lewy, fi hàn nínú ìwé pé ìbú ilé àti gígùn wákàtí ní àjọṣe tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ rú. Kì í ṣe títa nọ́ńbà ló wà lọ́kàn wọn nígbà yẹn, ẹ̀rí ìmọ̀ ni wọ́n ń wá. Láàárín ọdún mẹ́wàá, Hitler ti gorí àga, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti fi Jámánì sílẹ̀. Orúkọ wọn ṣì wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń kọ irú ìṣirò yìí fún kọ̀ǹpútà lónìí.

Ibi tí ìtàn wa fẹ́ dúró sí pẹ́ ni Manchester. Lójú tiwa, ìlú yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síwájú ìwé ìtàn yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀, Douglas Hartree, tí ìṣirò jẹ́ oúnjẹ fún. Ní 1934, òun àti ọmọ ilé ìwé rẹ̀ kan, Arthur Porter, fi Meccano kọ́ ẹ̀rọ tó ń yanjú ìdọ́gba. Meccano, ẹ gbọ́, ohun ìṣeré ọmọdé, irin wẹ́wẹ́ àti bóòtù àti àgbá kéékèèké tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ ọkọ̀. Owó tí wọ́n ná sí i kò ju nǹkan bí ogún pọ́n-ùn lọ, ó sì ṣiṣẹ́ débi pé yunifásítì kọ́ ẹ̀rọ ńlá irú rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ọwọ́ Hartree yìí ni John Crank ti kẹ́kọ̀ọ́. Yunifásítì yẹn kan náà ni Phyllis Nicolson ti gboyè, ó sì lo ọdún Ogun Àgbáyé Kejì níbẹ̀, ó ń ṣe ìwádìí fún ìjọba. Ìṣòro kan wà tó ń dà wọ́n láàmú. Ẹ ro ohun kan tó ń gbóná láti inú ara rẹ̀, torí pé kẹ́míkà inú rẹ̀ ń bá ara wọn jà. Bó bá ṣe ń gbóná sí i ni ìjà yẹn ń yára sí i, bí ìjà bá ṣe ń yára ni ooru ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ooru náà ń tàn kúrò níbi kan lọ síbòmíràn. Àbí ẹ ti rí i? Títàn ká àti ìyípadà, àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ìdọ́gba wa náà ni.

Ohun tí Crank àti Nicolson ṣe nìyí, ká fi gàrí sọ ọ́. Gbogbo wèrè tí a rí lókè wá láti ibì kan: a ń fi ohun tó wà nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí nìkan pín gàrí, bí ẹni pé kò sí ohun tó yí padà láàárín wákàtí yẹn. Wọ́n ní rárá. Ẹ fi ìdajì ohun tó wà nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìdajì ohun tí yóò wà nílé ní ìparí pín in. Ṣùgbọ́n a ò tíì mọ ohun tí yóò wà ní ìparí, òun gan-an la ń wá! Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè dá ilé kan ṣírò mọ́. Ìdáhùn ilé yìí so mọ́ ti ilé tó kàn án, ti èyí so mọ́ ti èkejì, gbogbo àdúgbò gbọ́dọ̀ yanjú lẹ́ẹ̀kan náà. A dúpẹ́ pé ilé kọ̀ọ̀kan ò mọ̀ ju aládùúgbò rẹ̀ méjì lọ. Ẹ lè ti ìpẹ̀kun kan rìn dé ìpẹ̀kun kejì, kí ẹ máa mú ohun tí ẹ ò mọ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá rìn padà kí ẹ máa kó ìdáhùn bọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ sí i ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n wákàtí lè gùn bó bá ṣe wù yín, títàn ká ò ní í sọ gàrí di gbèsè tó ń wú títí láé. Ká má parọ́, tí ẹ bá ki àṣejù bọ̀ ọ́, nọ́ńbà lè máa mì jìgìjìgì fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n mímì náà á rọlẹ̀.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1947. Lónìí, kò sí yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ irú ìṣirò yìí tí wọn ò ti ní í pe orúkọ Crank-Nicolson. Ohun kan ń bí wa nínú o. Orí ìdọ́gba ooru lásán ni wọ́n fi máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ti yọ ìjà kẹ́míkà inú rẹ̀ dànù, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ pé ìjà yẹn ló bí ọ̀nà náà. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé obìnrin ni Nicolson náà. Ọkọ rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì fi òun gan-an sípò olùkọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Leeds. Òun náà kú ní 1968. Ọmọ ọdún 50 ó lé díẹ̀ ni.

Ọdún kan lẹ́yìn ìwé wọn, Alan Turing kó dé Manchester. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n máa ń sọ pé ó bá wọn tú àṣírí àwọn ará Jámánì nígbà ogun. Àwòrán rẹ̀ wà lórí owó 50 pọ́n-ùn láti 2021. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni ohun tó ń ṣe ní ìparí ayé rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń kọ àmì tótòtó sára ẹranko.

Ọlẹ̀ kékeré máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù tó rí bákan náà níbi gbogbo. Báwo ni apá kan ṣe ń mọ̀ pé òun ló yẹ kó dúdú, kí apá kejì funfun? Èrò Turing ni pé kẹ́míkà méjì lè ṣe é fúnra wọn. Ẹ jẹ́ ká kúrò nídìí gàrí lọ sídìí àkàrà. Bí ẹnì kan bá ń dín àkàrà ní oríta, tí àwọn oníbàárà sì ń wá, àwọn alákàrà míì á fẹ́ wá bá a níbẹ̀. Èrò ń pe èrò. Ṣùgbọ́n òkìkí pé àwọn yẹn ti gba oríta náà máa ń rìn jìnnà ju ìsọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, kò sì ní í jẹ́ kí ẹlòmíì gbé ìkòkò kalẹ̀ nítòsí. Ẹni tó bá fẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀ á lọ síbi tí òkìkí yẹn ò dé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ ó rí ọ̀wọ́ alákàrà níbí, ọ̀wọ́ mìíràn lọ́hùn-ún, àlàfo láàárín wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sí kánsẹ́lọ̀ tó pín wọn. Kẹ́míkà kan ń pe ara rẹ̀ jọ, kò sì yára rìn. Èkejì ń lé e, ó sì ń yára tàn. Ó yani lẹ́nu, torí pé títàn ká tí a rí lókè, títẹ́ ló máa ń tẹ́ nǹkan pẹrẹsẹ. Nígbà tí iyàrá wọn yàtọ̀ tó, òun náà ló wá ń gbé àmì dìde.

Ní oṣù kejì ọdún 1951, kọ̀ǹpútà Ferranti Mark 1 dé yunifásítì náà, Turing sì fi ṣírò òrùka sẹ́ẹ̀lì 20. Fún àwòrán tó tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tó jọ ara màlúù alábàwọ́n, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣírò rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ìwé ìdí iṣẹ́ náà jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1952. Oṣù márùn-ún ṣáájú ìgbà yẹn ni ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó bá ọkùnrin bíi tirẹ̀ lòpọ̀. Wọ́n ní kó yan ẹ̀wọ̀n tàbí abẹ́rẹ́ tí yóò pa ìfẹ́ ara rẹ̀ kú. Abẹ́rẹ́ ló yàn. Ó ń bá ìṣirò ewéko àti òdòdó lọ títí, kò parí rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1954 ló kú, ọmọ ọdún 41.

Ibí yìí la ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Ohun tí Turing ń sọ ni pé àyídà tín-tìn-tín, tí ojú ò lè rí, lè wú fúnra rẹ̀ títí á fi di àmì ńlá. Ẹ rántí gàrí onígbèsè. Kí ni òun náà ṣe? Àyídà kékeré ló wú títí tó fi di nǹkan ńlá! Òkan nínú méjèèjì, ẹ̀dá ló ṣe é. Èkejì, ìkánjú wa ló ṣe é. Lórí ìwé, wọ́n lè jọra bí ìbejì. Tí ẹ bá rí tótòtó nínú ìdáhùn yín, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ti ẹkùn ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ?

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sọ ìbú ilé di ìdajì, kẹ́ ẹ gé wákàtí bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ tún un ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmì tó jẹ́ òótọ́ á dúró ní ìwọ̀n tó wà, torí pé iyàrá kẹ́míkà ló dá ìwọ̀n yẹn. Àmì irọ́ á kéré bí ilé ṣe kéré, torí pé ilé ló bí i; ẹ wo gàrí yẹn, ilé kan ní, ilé kejì jẹ gbèsè, ilé kan ní, ilé kejì jẹ gbèsè. Turing ò níṣòro yìí púpọ̀ nínú òrùka rẹ̀ o, torí pé sẹ́ẹ̀lì 20 ni ilé 20 rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń ṣírò awọ ẹranko tó tẹ́ lọ, ni ọ̀rọ̀ kàn.

Huxley wá ńkọ́, tí a fi sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ? Ó mọ̀ pé tí òun bá ní kí òun ṣírò gbogbo ilé àti gbogbo wákàtí, òun á kú sídìí Brunsviga. Òun àti Hodgkin bá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ní: iná inú iṣan ń rìn ní ìrísí kan náà, ní iyàrá kan náà, bí ìgbì omi. Tí a bá mọ iyàrá náà, ibi àti àkókò á di nǹkan kan ṣoṣo, iṣẹ́ á sì dín kù gidi. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ iyàrá náà. Ó wá fojú bù ú. Tó bá bù ú jù, nọ́ńbà inú ìṣirò á fò lọ sókè láìdúró. Tó bá dín in kù jù, á já lọ sísàlẹ̀ láìdúró, tàbí òdìkejì rẹ̀. Á pa á tì, á tún fojú bu òmíràn, títí yóò fi rí iyàrá kan tí ìgbì náà á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á sì padà sí òdo bó ṣe yẹ. Ẹ wò ó dáadáa: nọ́ńbà tó ya wèrè tí gbogbo èèyàn ń sá fún, òun ni Huxley sọ di afinimọ̀nà. Iyàrá tó rí jẹ́ mítà 18.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú iṣan ẹran omi tí wọ́n ń pè ní squid, tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n gangan, 21.2 ni. Fún ìdọ́gba tí wọ́n kọ láti inú iṣan tí wọ́n dì mú kí iná rẹ̀ má rìn rárá, ìyẹn ò kéré. Ìwé náà jáde ní 1952 bíi ti Turing. Ní 1963, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Ní 1966 ni Cooley àti Dodge tó wá fi kọ̀ǹpútà ṣírò gbogbo ìdọ́gba náà láìfojú bu iyàrá kankan ṣáájú.

Ọdún 1952 yẹn náà ni Curtiss àti Hirschfelder ní Amẹ́ríkà fún wàhálà mìíràn lórúkọ, èyí tó ń wá láti ọ̀dọ̀ ìjà kẹ́míkà, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ títàn ká. Kẹ́míkà kan lè parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́, kí èkejì lo odidi ọjọ́. Ẹni tó bá fi ọ̀nà lásán ṣírò, èyí tó ń sáré ni yóò máa darí gígùn wákàtí rẹ̀, kódà lẹ́yìn tí èyí tó ń sáré ti parí iṣẹ́ tó ti jókòó. Ẹ ronú ọkọ̀ èrò kan tó ní láti máa dúró ní gbogbo ìṣísẹ̀ torí ẹni tó ti sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀. Oògùn tí wọ́n rí sí i jọ ti Crank àti Nicolson: ẹ fi ohun tí ń bọ̀ ṣírò, kì í ṣe ohun tó ti kọjá nìkan.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ nípa ẹ̀dá ò gba Turing gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ìṣirò ni, taló rí i lójú? Ó di 1990 kí àwọn kan ní Bordeaux, ní Faransé, tó rí tótòtó Turing lójú kòrókòró nínú kẹ́míkà gidi, ọdún 36 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tó bá wọn ṣe é dùn mọ́ wa púpọ̀. Nǹkan bíi sítáàṣì ni wọ́n fi sí i kí àwọ̀ lè hàn, irú sítáàṣì tó wà nínú gàrí àti ẹ̀kọ wa. Sítáàṣì yẹn ló di ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà náà mú, kò jẹ́ kó lè yára rìn. Bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ iyàrá ni Turing sọ pé ó gbọ́dọ̀ wà.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, John Pearson ní Los Alamos mú ìdọ́gba kẹ́míkà méjì kan tí wọ́n ń pè ní Gray-Scott, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀. Ilé 256 ní gígùn, 256 ní ìbú, ìgbésẹ̀ 200,000. Ohun tó jáde ya gbogbo èèyàn lẹ́nu: tótòtó tó ń pín sí méjì bíi sẹ́ẹ̀lì, ilà tó ń wọ́ bí ejò, àmì tó ń kú tí òmíràn ń bọ́ sí àyè rẹ̀. Ọ̀nà tí Pearson fi ṣírò rẹ̀ wá ńkọ́? Kì í ṣe Crank-Nicolson. Gàrí lásán ni! Ó wo ohun tó wà nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí, ó pín in, ó lọ. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ilé kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò mẹ́rin, nítorí náà ààlà ìpín náà jẹ́ 0.25. Ìpín tirẹ̀ fún kẹ́míkà tó yára jù, a ṣírò rẹ̀, nǹkan bíi 0.21 ni. Ó rìn sún mọ́ etí kànga, kò jìn sínú rẹ̀.

A tún ṣe ìṣirò mìíràn. Ilé 65,536 nígbà ìgbésẹ̀ 200,000 jẹ́ bílíọ̀nù 13 ó lé díẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń fi Brunsviga ṣe ilé kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìsùn, láìjẹun, ọdún 415 ni yóò lò. Ìyẹn sì jẹ́ kẹ́míkà kan ṣoṣo nínú méjì.

Àwa náà dán an wò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó ti gbó. Nígbà àkọ́kọ́, a ki ìkánjú bọ̀ ọ́, a sọ wákàtí di ìlọ́po méjì. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ojú rẹ̀ fi funfun báláú, nọ́ńbà ti kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè kà. A padà sí iye tí Pearson lò, tótòtó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde. A wò wọ́n, inú wa dùn, a sì rántí ìbéèrè yẹn: ti ẹkùn ni àbí ti ẹ̀rọ? A bá sọ ìbú ilé di ìdajì, a gé wákàtí sí mẹ́rin, iṣẹ́ di ìlọ́po 16, a fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lálẹ́ kó máa ṣe é lọ. Fáànù rẹ̀ ń hó títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a jí, ilé ti di 512 ní gígùn, 512 ní ìbú. A fi àwòrán tuntun lé àtijọ́. Tótòtó kan ò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n a fi rúlà wọn ìbú wọn, ó dọ́gba.